Mo fi káàmù ńlá sí ẹ́ńjìnnì 350, sìlóò ti jókòó ṣùgbọ́n ó ń kàn tí mo bá tẹ̀ ẹ́

Kàbù_Olójúmẹ́rin:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ bá mi wò ó. Chevy 350 ni, kàbùrétọ̀ olójú mẹ́rin, compression ẹ̀ jẹ́ 10 sí 1, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ káàmù (irin tó ń ṣí fáàfù) tó bá a wá mo fi èyí tó tóbi gan-an sí i. Tẹ́lẹ̀, dìgíríì 8 ni táímìn ẹ̀ (ìgbà tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná kí pístìn tó dé òkè) wà lórí sìlóò, ìyẹn tí mi ò bá tẹ tọ́tù, kò sí wàhálà. Bí mo ṣe fi káàmù tuntun sí i tán báyìí ó lóun ò dúró, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí mo bá ki jíà bọ̀ ọ́ (ọ́tò ni) ó kú pátápátá. Mo wá ń yí dísíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì) díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń fà á síwájú ló ń dáa sí i, nígbà tó dé 18 ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, inú mi dùn. Àfi ìgbà tí mo gbé e jáde. Mò ń gun òkè, mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, mo gbọ́ ṣẹkẹṣẹkẹṣẹkẹ bí ìgbà téèyàn ń mi ìṣó nínú agolo, ẹ́ńjìnnì ń kàn nìyẹn. Mo dá a padà sí 10, ariwo lọ, sìlóò tún bàjẹ́. Ṣé káàmù ni kò dáa ni àbí èmi ni mi ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe? Mi ò fẹ́ fọ́ pístìn o.

Ọ̀gá_Plọ́ọ̀gì:
Àbúrò, káàmù ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Dá mi lóhùn ná: ìgbà tó o tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ nìkan ló ń kàn ni, àbí ó ń ṣe é tó o bá kàn ń rọra lọ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú? Ṣé o yọ họ́ọ̀sì fákúọ̀mù (èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà mú táímìn síwájú) tó o sì dí i kó o tó yìnbọn táímìn láìtì, iná tí a fi ń ka àmì, sí i? Tó o bá gbé e dé 3000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), kí lo rí? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò.

Kàbù_Olójúmẹ́rin:
Mo yọ họ́ọ̀sì, mo dí i. Ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ nìkan ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni, 41 ló kà ní 3000, kò sì kọjá ibẹ̀ bó ṣe wù kí n gbé e tó.

Ọ̀gá_Plọ́ọ̀gì:
Ẹn-ẹ́n. Ó tán. Kì í ṣe fákúọ̀mù, torí tó o bá ti ṣí tọ́tù tán fákúọ̀mù ò sí mọ́, kò lè fa nǹkan kan síwájú.

Gbọ́. Káàmù ńlá máa ń ṣí fáàfù ìwọlé nígbà tí ti ẹ̀gísọ́ọ̀sì ò tíì pa dé tán, lórí sìlóò èéfín tó ti jóná á wá padà dàpọ̀ mọ́ epo tuntun, epo náà ò ní tètè jó. Ìyẹn ló ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o tètè ṣáná fún òun. Nítorí náà 18 yẹn tọ̀nà, má fọwọ́ kàn án. Àmọ́ àwọn irin wúwo méjì wà nínú dísíríbútọ̀, bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni wọ́n á máa nà síta, wọ́n á máa fi tiwọn lé e. 41 yọ 18, tiwọn jẹ́ 23. Nígbà tó o wà lórí 8, àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 31, o ò lè gbọ́ ariwo kankan. Ìwọ wá gbé ìbẹ̀rẹ̀ sókè, òpin náà bá a gòkè, iná wá ń ṣá yá jù tó o bá tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló fa ariwo.

350 tó ní héèdì àtijọ́, 34 sí 36 ni àròpọ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń fẹ́, ti Vortec (irú héèdì tó wá lẹ́yìn) máa ń tètè jó, tiẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti 34. Fi búùṣì tó sanra sí ibi tí àwọn irin yẹn ti ń dúró kí wọ́n má baà nà ju 16 tàbí 17 lọ. Kíyè sí i o, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára pátì míì, ti dísíríbútọ̀ ni, kì í ṣe ti kíráńkì (irin tí àwọn pístìn ń yí): kíráńkì á yí ní ẹ̀ẹ̀mejì kí dísíríbútọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan, torí náà 8 ibẹ̀ yẹn 16 ni lójú táímìn láìtì. Mo mọ ẹni tó fi èyí jẹ gásíkẹ́ẹ̀tì méjì.

Má sì torí ẹ̀rù sá lọ sí 26 o. Tó bá pẹ́ jù, iná á ṣì máa jó nígbà tí fáàfù ẹ̀gísọ́ọ̀sì bá ṣí, páìpù á pọ́n bí ẹyin iná, ẹ́ńjìnnì á gbóná, kò ní lágbára.

Ìyá_Tọ́bò:
Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wí dáa ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan búùṣì kankan kí n tó mọ̀ pé àmì táímìn tí mò ń wò kì í parọ́. Bálánsà tó wà níwájú kíráńkì, rọ́bà ló so òrùka òde mọ́ inú ẹ̀, tí rọ́bà bá ti gbó òrùka á máa yọ̀, àmì á sì bá a lọ. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́, 34 ni láìtì ń kà fún mi, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìbẹ̀rù, ọjọ́ tí mo tú u mo bá etí pístìn méjì tó ti ya níbi tí rìǹgì ń jókòó sí. Àmì ti fi dìgíríì 8 sún.

Yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, yọ okùn bátìrì, ki bóòtù tí wọ́n fi ń dá pístìn dúró sí ojú ihò nọ́ńbà 1. Fọwọ́ yí kíráńkì jẹ́jẹ́ títí á fi kàn án, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Yí i padà sẹ́yìn títí á tún fi kàn án, sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ibi tí pístìn ti dé òkè gan-an. Má lo sítátà o, wàá lu pístìn.

Sípíríǹgì:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo búùṣì, ẹ wo sípíríǹgì tó ń fa àwọn irin yẹn padà náà. Tó bá rọ̀ jù, àwọn irin yẹn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í nà lórí sìlóò gan-an, 18 tó ń rí lè má jẹ́ 18 rárá. Tó bá ki jíà bọ̀ ọ́, rpm lọ sílẹ̀, táímìn náà bá a lọ sílẹ̀, ó kú. Àìsàn ọ́tò nìyẹn.

Ìyá_Tọ́bò:
Òótọ́ lo sọ jàre. Dín sìlóò kù títí dé bíi 600, tí àmì bá ṣì ń rìn, sípíríǹgì ti rọ̀ jù.

Kàbù_Olójúmẹ́rin:
Ẹ ṣé gan-an, mo ti dé. Mà, àmì mi sún dìgíríì 2! Ó já sí pé 43 ni mò ń gbé gun òkè, kì í ṣe 41. Mo sàmì tuntun. Sípíríǹgì kan tín-ín-rín bí okùn abẹ́rẹ́, mo fi èyí tó le sí i. Búùṣì wá fún mi ní 17, mo gbé ìbẹ̀rẹ̀ sí 17, 34 géérégé ní 3000. Ní jíà, ó lọ sílẹ̀ láti 850 sí 750, kò kú.

Mo gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tọ́tù ní ìsàlẹ̀, mi ò gbọ́ ṣẹkẹ kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ plọ́ọ̀gì, ti sìlíńdà 7 nìkan ló ní àwọn nǹkan dúdú wínníwínní bí ata gígún lára funfun ẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ ń dán bí irin. Mo ti fi tuntun sí i. Màá yọ ọ́ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n mọ̀ bóyá ti ìgbà tó ń kàn tẹ́lẹ̀ ni.