Ṣé kí n kọ́ operating system tán ná, àbí kí n kọ́ ọ pọ̀ mọ́ ààbò kọ̀ǹpútà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà, mo sì forúkọ sílẹ̀ fún operating system (ètò tí ó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà) àti ààbò kọ̀ǹpútà ní sáà kan náà, nítorí pé ààbò gan-an ni ó wù mí láti fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ohun tí ó wá dojú kọ mí ni pé kíláàsì méjèèjì kò jọ rìn. Nínú kíláàsì ààbò, a ti dé orí buffer overflow (ìkọlù tí a ń fi ọ̀rọ̀ tí ó gùn ju àyè rẹ̀ lọ ṣe), olùkọ́ sì ń sọ̀rọ̀ nípa stack (apá mẹ́mọ́rì tí púrógíráàmù ń lò fún iṣẹ́ ìgbà díẹ̀) àti àdírẹ́sì mẹ́mọ́rì bí ẹni pé a ti mọ̀ wọ́n dunjú. Nínú kíláàsì operating system, orí process (púrógíráàmù tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) àti scheduling (ìpinnu process tí ó kàn láti ṣiṣẹ́) ni a ṣì wà, ẹ̀kọ́ nípa mẹ́mọ́rì kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ títí sáà yóò fi kọjá ìdajì.

Bí mo bá ń wo fídíò, gbogbo ohun tí olùkọ́ ń sọ ni ó máa ń yé mi. Àmọ́ bí mo bá jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá, n kì í mọ ibi tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nítòsí tí mo lè yíjú sí. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé kí n fi ẹ̀kọ́ ààbò sílẹ̀ di sáà tí ń bọ̀, kí operating system kọ́kọ́ yé mi? Bí ẹ bá sì ní kí n máa mú méjèèjì lọ, báwo ni ẹni tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lọ ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán àwọn ìkọlù wọ̀nyí wò láì ba nǹkan jẹ́?

Alábòójútó_Sáfà dáhùn:

Ẹ má fi í sílẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ kan náà ni ẹ ń kọ́ láti ìhà méjì. Operating system ń kọ́ yín bí kernel, àárín gbùngbùn operating system, ṣe ń pa ààlà sáàárín púrógíráàmù kan àti èkejì, àti sáàárín gbogbo wọn àti kernel fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ààbò ń kọ́ yín bí àwọn ènìyàn ṣe ń ré ààlà náà kọjá. Processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ní ipò méjì, ó kéré tán: ipò kernel, níbi tí ohun gbogbo ti ṣeé ṣe, àti ipò òǹlò, níbi tí púrógíráàmù kò ti lè fọwọ́ kan díìsìkì tàbí mẹ́mọ́rì ẹlòmíràn àfi kí ó gba ọ̀nà system call tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ kernel. Page table, àkọsílẹ̀ bí a ṣe pín mẹ́mọ́rì, ni kernel fi ń pinnu mẹ́mọ́rì tí process kọ̀ọ̀kan lè rí, page (ègé mẹ́mọ́rì) kọ̀ọ̀kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ 4,096 byte, sì ní àmì tí ó ń sọ bóyá ó ṣeé kà, bóyá ó ṣeé kọ nǹkan sí, àti bóyá processor lè mú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí kóòdù.

Ẹ jẹ́ kí a mú buffer overflow tí ẹ dárúkọ yẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, Morris worm, púrógíráàmù tí ó ń da ara rẹ̀ kọ láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà, tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni fingerd, púrógíráàmù kékeré kan lórí operating system Unix tí ó ń fi gets, function (ègé kóòdù tí a ń fi orúkọ pè) kan nínú èdè púrógíráàmù C, gba ọ̀rọ̀ láti òde. Gets kì í wo bí ọ̀rọ̀ tí ń wọlé ti gùn tó. Àyè 512 byte ni fingerd pèsè sórí stack. Worm náà fi ohun tí ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́, èyí tí àyè náà kò sì gbà ṣàn kọjá, ó bo àdírẹ́sì tí ó yẹ kí function náà padà sí mọ́lẹ̀. Nígbà tí function náà parí, inú kóòdù tí worm náà kó wá ni processor yà sí.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe dí ihò yìí, nítorí ibẹ̀ ni kíláàsì yín méjèèjì ti pàdé. Compiler, tí ó ń yí kóòdù tí ènìyàn kọ padà sí ti ẹ̀rọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan, tí a ń pè ní canary, sí iwájú àdírẹ́sì ìpadàsí, kí púrógíráàmù lè dá ara rẹ̀ dúró bí nọ́ńbà náà bá ti yí padà. Àwọn tí ń ṣe processor àti kernel fi àmì sínú page table pé stack kì í ṣe ibi tí kóòdù ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn olùkọlù náà kò jókòó lásán: bí a kò bá jẹ́ kí wọ́n gbé kóòdù tiwọn wọlé, wọ́n á máa ṣa ègé kóòdù tí ó ti wà nínú púrógíráàmù náà tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì so wọ́n pọ̀ láti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Ìdí nìyí tí kernel fi ń da àdírẹ́sì rú nígbàkúùgbà tí púrógíráàmù bá bẹ̀rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ASLR, kí olùkọlù má baà mọ ibi tí ohunkóhun wà. Ẹni tí ó bá há orúkọ àwọn ààbò mẹ́ta yìí sórí nìkan yóò gbàgbé wọn lẹ́yìn ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìdí tí ọ̀kan fi tẹ̀lé èkejì lè dá wọn rò padà fúnra rẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́_Kíláàsì dáhùn:

Mo gba ohun tí Alábòójútó_Sáfà sọ, síbẹ̀ n kò ní í yára sọ pé kí ẹ máa mú méjèèjì lọ. Mo ti ran ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, mo sì rí i pé ohun tí ó ń dá wọn dúró kì í sábà jẹ́ operating system tàbí ààbò, bí kò ṣe èdè C. Ẹ dán ara yín wò báyìí: ẹ kọ púrógíráàmù C kan tí ó gba àyè nínú mẹ́mọ́rì pẹ̀lú malloc, tí ó fi pointer (àdírẹ́sì) àyè náà ránṣẹ́ sí function mìíràn, tí function yẹn kọ nǹkan sí i, tí ẹ sì dá àyè náà padà pẹ̀lú free. Bí ẹ bá lè kọ ọ́ láì wo ti ẹlòmíràn, ẹ máa bá méjèèjì lọ. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ sún ẹ̀kọ́ ààbò di sáà tí ń bọ̀, kí ẹ sì fi àkókò yẹn gbọ́ pointer yé, nítorí pé kò sí bí buffer overflow ṣe lè yé ẹni tí pointer kò yé.

Ní ti fídíò, bí ẹ bá ń wò ó, olùkọ́ ni ó ń yan ìgbésẹ̀ tí ó kàn, tiyín kò ju pé kí ẹ gbà pé ó tọ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni ó ń béèrè pé kí ẹ̀yin gan-an yàn. Nítorí náà, ẹ dá fídíò dúró kí olùkọ́ tó mú kóòdù ṣiṣẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rò pé yóò jáde sílẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, bí púrógíráàmù kan bá pe fork, tí ó ń bí process tuntun tí ó jọ ti àkọ́kọ́, nígbà mẹ́ta ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, process mélòó ni yóò wà ní ìparí? Ọ̀pọ̀ á sọ pé mẹ́rin; mẹ́jọ ni, nítorí pé gbogbo ọmọ tí fork bá bí ni yóò tún pe fork tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ti kọ mẹ́rin sílẹ̀ kí ó tó rí mẹ́jọ kò ní í gbàgbé mọ́.

Ẹ má sì dákẹ́. Olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè rí ojú yín kí ó mọ̀ pé nǹkan kò yé yín. Bí ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ retí, àti ohun tí ó jáde gan-an.

Ọmọ_Terminal dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì. Ẹ fi virtual machine (kọ̀ǹpútà àfarawé tí ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) sórí kọ̀ǹpútà yín, bíi VirtualBox tàbí QEMU, kí ẹ gbé operating system Linux sínú rẹ̀, kí ẹ ya snapshot (ẹ̀dà ipò tí ó wà) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì pa nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dán ìkọlù wò. Bí ohun gbogbo bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, ẹ padà sí snapshot náà. Inú ẹ̀rọ tiyín yìí nìkan, tàbí èyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín pèsè fún ẹ̀kọ́, ni kí ẹ ti dán ohunkóhun wò. Fífọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹlòmíràn láì gba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, kódà bí ẹ kò bá ba nǹkan kan jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `cat /proc/self/maps` lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi àdírẹ́sì stack ti àkọ́kọ́ wé ti èkejì. Wọn kò ní í dọ́gba: ASLR tí wọ́n ṣàlàyé lókè ni ẹ ń fi ojú yín rí yẹn. Ẹ tẹ `ls -l /usr/bin/passwd`, ẹ ó rí lẹ́tà s níbi tí ó yẹ kí x (àmì pé a lè mú un ṣiṣẹ́) wà. Lẹ́tà yẹn túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá mú púrógíráàmù náà ṣiṣẹ́, agbára root, ọ̀gá òǹlò tí ó lè ṣe ohun gbogbo, ni yóò fi ṣiṣẹ́, nítorí pé inú /etc/shadow ni a ń tọ́jú páásíwọọ̀dù tí a ti yí padà sí hash (àmì tí a kò lè dá padà sí páásíwọọ̀dù) sí, òǹlò lásán kò sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ wá bi ara yín léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí buffer overflow bá wà nínú irú púrógíráàmù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ka kernel gan-an, xv6, kernel ìkẹ́kọ̀ọ́ ti yunifásítì MIT, ni mo fara mọ́ jù. Wọ́n gbé e ka orí Unix ẹ̀dà kẹfà ti ọdún 1975, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kan lè kà á já. Kernel Linux ti tóbi ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo kọ púrógíráàmù malloc náà, ó sì ṣiṣẹ́, nítorí náà mo ti pinnu láti máa bá méjèèjì lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí mo fẹ́ béèrè. Mo ti rí bí mẹ́mọ́rì àti ẹ̀tọ́ òǹlò ṣe kan ààbò, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣì wà tí a ó fi kọ́ scheduling, thread (àwọn ìlà iṣẹ́ tí ń lọ pọ̀ nínú process kan) àti lock (ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n jọ fọwọ́ kan ohun kan náà). Ṣé ìyẹn náà kan ààbò, àbí kí n kàn gbà á bí iṣẹ́ ìdánwò lásán?

Alábòójútó_Sáfà dáhùn:

Ó kàn án gidigidi. Ẹ wo Dirty COW, àlèébù inú kernel Linux tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, lẹ́yìn tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2007. Bí process kan bá so fáìlì tí kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ nǹkan sí mọ́ mẹ́mọ́rì rẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀ nìkan, tí ó sì fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀, kernel yóò kọ́kọ́ da page náà kọ, ẹ̀dà yẹn ni a ó sì jẹ́ kí ó yí padà. Thread kan yóò máa gbìyànjú láti kọ nǹkan síbẹ̀, thread kejì yóò máa sọ fún kernel léraléra pé kí ó da ẹ̀dà náà nù. Ìgbésẹ̀ púpọ̀ ni kernel fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì dì wọ́n pọ̀ bí ó ti yẹ. Bí àṣẹ thread kejì bá bọ́ sáàárín ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ní àkókò tí ó ṣe rẹ́gí, ẹ̀dà á ti lọ, kernel á sì kọ ọ̀rọ̀ náà sórí page fáìlì gan-an. Báyìí ni òǹlò lásán ṣe lè yí fáìlì root padà.

Ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ sára fáìlì náà tọ́, page table náà kò sì ní àṣìṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Àkókò tí ó wà láàárín ìgbésẹ̀ kan àti èkejì ni olùkọlù rí gbà. Nítorí náà, bí olùkọ́ yín bá ya thread méjì sójú fídíò, tí ó sì ní kí ẹ sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọ inú ara wọn, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí ó dà bí ẹni pé kò lè ṣẹlẹ̀ láé, kí ẹ sì wo èyí tí lock kò bò nínú wọn.