Báwo ni a ṣe lè ṣèdájọ́ ìdíje eré-ìtàn láìṣojúsàájú?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo wà lára àwọn adájọ́ ìdíje eré-ìtàn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí òǹkọ̀wé méjì ti ń gba ìtàn kan kọ lọ́wọ́ ara wọn, tí kálukú sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà lára àwọn òǹkọ̀wé náà. Báwo ni kí n ṣe é?

Èsì kìíní: Ẹ sọ fún àwọn adájọ́ yòókù, kí ẹ sì yẹra fún ìtàn tirẹ̀, nítorí pé bí wọ́n tilẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹ ó ṣì dá ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀.

Èsì kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń fi gígùn ìtàn díwọ̀n ọgbọ́n. Ẹni tó kọ ọ́ pé ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójijì nígbà tó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, ti fi àyè sílẹ̀ kí ẹnìkejì dáhùn. Ẹni tó kọ ojú ìwé méjì, tó sì ń pinnu ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ẹnìkejì rò àti ohun tó ṣe, ti gba eré mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí máàkì ti yàtọ̀.

Èsì kẹta: Kí kálukú kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó jíròrò.