Ransomware wọ sáfà ọsibítù: ṣé ká format rẹ̀ ni?

ỌmọÌyàrá: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ká ní ransomware, ìyẹn kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè fi gba owó, ti gbogbo fáìlì aláìsàn pa ní ọsibítù kan ní Kàbbà, tí ọ̀gá sì ní kí wọ́n format sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì wọn, kí wọ́n nu ohun gbogbo kúrò lórí rẹ̀ kíákíá. Ṣé kò léwu? Ṣé abala 5 òfin Cybercrimes 2015, ìyẹn ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 10, ló máa mú ẹni tó fi ransomware náà ránṣẹ́? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ní láti fi tó ìjọba létí?

Owé_Tech: Ẹ má format o! Ẹ má sì pa á. Ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó má bàa ràn dé ibi tí backup (ẹ̀dà fáìlì tẹ́ ẹ fi pamọ́) wà. Ohun tó wà nínú RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà tó ń pa rẹ́ bí iná bá lọ, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó sórí hard drive mìíràn, torí nígbà míì kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti fáìlì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá: bí UPS (bátìrì tó ń gbé sáfà ró bí iná bá lọ) bá kú, gbogbo ohun tó wà nínú RAM lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi write blocker, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí nǹkan tuntun wọ dísíìkì, ṣe ẹ̀dà dísíìkì lódindi, kì í ṣe copy-paste. SHA-256 (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń ṣírò láti inú dátà) ti ẹ̀dà àti ti ojúlówó gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án. Abala 84 òfin ẹ̀rí 2011 ń béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ náà; láìsí i, adájọ́ lè má gbà á wọlé.

Lọ́yà_Yàgbà: Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú abala 5 òfin Cybercrimes: ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ìjọba yàn pé ó ṣe kókó fún orílẹ̀-èdè nìkan ló wà fún. Pé ọsibítù wúlò fún ìlú kò tó. Abala 3 ní Ààrẹ ló gbọ́dọ̀ fi àṣẹ yàn án, lórí ìmọ̀ràn Olùdámọ̀ràn rẹ̀ fún ètò ààbò. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jáde ní 2024. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kọ ẹ̀sùn. Bí ọsibítù náà kò bá sí lábẹ́ rẹ̀, abala 8, tó wà fún ẹni tó bá dí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ló kù: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2, tàbí ìtanràn tí kò ju ₦5,000,000, tàbí méjèèjì. Abala 5 kò fàyè gba ìtanràn, bí ẹnikẹ́ni bá sì tìtorí rẹ̀ kú, ẹ̀wọ̀n gbére ni.

Ní ti fífi tó ìjọba létí, ọjọ́ 7 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń kà ti kọjá lọ. Àtúnṣe 2024 sọ ọ́ di wákàtí 72 látìgbà tẹ́ ẹ bá ti rí i, ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, lẹ ó sì fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá dákẹ́ máa san ₦2,000,000. Nítorí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ẹ kọ̀wé sí NDPC, àjọ tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn, náà láàárín wákàtí 72.

ỌmọÌyàrá: Ẹ ṣeun gan-an. Bí sáfà bá ti kú kí wọ́n tó débẹ̀ ńkọ́?

Owé_Tech: Kí wọ́n má tàn án padà. Bó bá ṣe ń jí ni á máa kọ nǹkan tuntun lé ẹ̀rí lórí. Kí wọ́n tú dísíìkì jáde, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ mìíràn.