Orin àwọn obìnrin fún fèrè: ètò ìṣẹ́jú 40 ní Ìjẹ̀bú-Òde

AfunfèrèÒde:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Fèrè òyìnbó onírin ni mò ń fun. Mo fẹ́ ṣe ètò ìṣẹ́jú 40 ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí, orin tí obìnrin kọ nìkan. Ẹni tí yóò tẹ dùùrù ń ka nóòtì dáadáa, ṣùgbọ́n híìmù ló mọ́ ọn lọ́wọ́ jù. Èwo ni ká mú? Kí ló sì máa ń yíwọ́ lọ́jọ́ náà?

DùùrùṢàgámù:
Ẹ fi Anna Bon bẹ̀rẹ̀. Sónátà (orin onípìn-ín púpọ̀ fún ohun èlò) 6 ló tẹ̀ jáde fún fèrè ní Nuremberg lọ́dún 1756. Ohùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ni wọ́n kọ fún dùùrù, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń fi kọ́ọ̀dù kún un. Ẹni tó mọ híìmù olóhùn mẹ́rin kò ní pẹ́ gbọ́ ọ. Bí nọ́ńbà bá sú u, ẹ wá ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ kọ́ọ̀dù sí.

Lẹ́yìn náà, Nocturne ti Lili Boulanger (1911), bí ìṣẹ́jú 3. Nóòtì rẹ̀ kò pọ̀, èémí ló le níbẹ̀. Kí Sónátà Mel Bonis tẹ̀ lé e, Op. 64 (nọ́ńbà tí wọ́n fún iṣẹ́ náà), ọdún 1904, ìpín mẹ́rin, bí ìṣẹ́jú 17. Mélanie gan-an ni orúkọ rẹ̀. Ó gé e sí Mel kí wọ́n má baà mọ̀ pé obìnrin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ Mélanie ní kíkún sínú ìwé ètò. Concertino ti Cécile Chaminade (Op. 107, 1902, bí ìṣẹ́jú 8) ni kí ẹ fi kádìí.

Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárín. Ìjẹ̀bú tó ní Bàtílẹ̀ Àlàké, olórin wákà, kò nílò ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé obìnrin ń dá orin sílẹ̀.

ÌwéOrinÌkẹ́nnẹ́:
Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi ìkádìí yẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 17 Bonis, ètè á ti rẹ̀, Presto (ibi tó yára gan-an) tó parí Concertino kò sì fojú rere wo ètè tó ti rẹ̀. Ẹ fi Chaminade ṣáájú, ẹ sinmi díẹ̀, kí Bonis gbẹ̀yìn. Ibi tí ẹ ti máa ń já ara yín sílẹ̀ nínú Concertino ni òpin kadẹ́ńsà (ibi tí fèrè ti ń dá fun láìsí dùùrù), kí kókó orin tó padà wá: ẹ kọ nóòtì fèrè tó kẹ́yìn sínú ìwé oní-dùùrù.

Ìwé orin: IMSLP, ibi ìkówèé orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) 2022 wa ka ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ orin. Boulanger kú ní 1918, Bonis ní 1937, Chaminade ní 1944, gbogbo wọn ti kọjá. Pastorale ti Germaine Tailleferre (1942) kò tíì kọjá, 1983 ló kú. Valerie Coleman, tóun náà ń kọ orin fún fèrè, ṣì wà láàyè: ẹ ra tirẹ̀, ẹ má ṣe fótókọ́pì. A kò lè máa gbé obìnrin lárugẹ ká tún máa jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀.

FèrèÌpẹru:
Ooru gbọ̀ngàn tí èrò kún máa ń gbé ohùn fèrè ga, kíbọ́ọ̀dù (dùùrù oníná) kò sì ní bá a gòkè. Ẹ fun ún fún ìṣẹ́jú 10 kí ó gbóná kí ẹ tó bá kíbọ́ọ̀dù mu. Bí ẹ bá fa orí fèrè síta jù, nóòtì C# àárín ni ohùn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wálẹ̀, torí gígùn irin fèrè tó ń lò kúrú. Ó sàn kí ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù sí 442 (iye ìgbà tí nóòtì A ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ibẹ̀ ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ fèrè sí. Ẹ ti ọ̀pá ìnufèrè bọ orí rẹ̀ wò: ilà ara ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà láàárín ihò ẹnu gẹ́lẹ́, mílímítà 17 sí kọ́ọ̀kì tó dí inú orí fèrè.

Fáànù ló ń dójú ti afunfèrè jù. Atẹ́gùn rẹ̀ ń gbá èémí yín dànù lójú ihò, ohùn á máa já. Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí èrò.

Bí páàdì tó ń bo ihò fèrè bá ń lẹ̀ lásìkò òjò, ẹ fi bébà sìgá sábẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e sókè kí ẹ tó yọ bébà. Ẹ má fà á jáde bí páàdì ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, awọ rẹ̀ á ya.

AfunfèrèÒde:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti yí ètò padà. Kíbọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀, kíì 61 ni. Ṣé ó tó?

DùùrùṢàgámù:
Ó tó fún Anna Bon. Bonis àti Chaminade máa wọlẹ̀ kọjá rẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Ẹ yá oní-88 tó ní pẹ́dàlì, tí ohùn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé bí ọwọ́ bá ṣe wúwo sí.