Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì JSS1 ti ọdún kan gbáko yìí

Tíṣà Kubwa:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí o. Ilé-ìwé aládàáni kan níbí ní Kubwa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Basic Science ni mo ń kọ́ àwọn JSS1. Ọ̀gá wa pè mí lọ́jọ́ Túsìdeè, ó gbé pépà tó nípọn bíi Bíbélì lé mi lọ́wọ́, ó ní àbúrò òun tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ránṣẹ́, pé ètò sáyẹ́ǹsì ọdún kan gbáko ni, kẹ́mísírì, físíìsì, bàọ́lọ́jì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ojú sánmọ̀, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, kí n tún un tò fún wa kí a tó wọlé ní September. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o.

Mo ti kà á. Kì í ṣe pé kò dáa. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí là ń pè ní mátà", nǹkan kan tí ojú rí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ béèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá máa wá ìdáhùn ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà, inú wíwá yẹn ni físíìsì á ti yọjú, tí bàọ́lọ́jì náà á yọjú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde pé a ti bọ́ sí tópíìkì mìíràn. Èyí wù mí gan-an. Àmọ́ nǹkan tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ yẹn ni wàhálà: sínóò tó ń yọ́ lójú títì, ilẹ̀ tó ń mì, ewé igi tó ń pọ́n tí òtútù bá ti ń bọ̀. Ọmọ wo ló rí sínóò rí ní Kubwa, àfi èyí tó wà nínú fírísà ìyá tó ń ta zobo?

Ṣé kí n kàn da gbogbo ẹ̀ nù kí n máa tẹ̀lé tẹ̀síbúùkù wa lọ, àbí ẹnì kan ti rí ọ̀nà tí iṣẹ́ ọdún kan fi lè so pọ̀? Torí ká má parọ́, tẹ̀síbúùkù wa náà ní àpapọ̀ sáyẹ́ǹsì ni òun, àmọ́ ọ̀sẹ̀ yìí ìmọ́tótó, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ oúnjẹ aṣaralóore, tó bá yá oògùn olóró, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹ ti bá ara yín nínú fóòsì. Ó dà bí ẹrù tí wọ́n dì nígbà tí ilé ń jó.

Màmá Ìbejì Gwarinpa:
Èmi ò mọ sáyẹ́ǹsì o, òbí ni mí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Àǹtí tíṣà, ẹ dákun, ẹ má to èyí tí ọmọ á fi máa sọ fún mi ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ pé wọ́n ní kí òun mú kádíbọ́ọ̀dù, gúlù àti bọ́ọ̀lù kéékèèké mẹ́sàn-án wá láàárọ̀ ọ̀la, pé oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ni. Ìbejì ni tèmi. Bọ́ọ̀lù méjìdínlógún.

Bàbá Tudun Wada:
Tíṣà, o kú iṣẹ́ ọmọ mi. Kàdúná ni mo wà, mo ti fẹ̀yìn tì. Integrated Science ló ń jẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kàríkúlọ́ọ̀mù ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò kàríkúlọ́ọ̀mù, gbé jáde ní 2007 ló sọ ọ́ di Basic Science, ó tún yá, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ Basic Technology, kọ̀ǹpútà àti eré ìdárayá. Orúkọ ń yí ṣá ni, àwa ò yí, ká mú díẹ̀ níbí ká mú díẹ̀ lọ́hùn-ún bó o ṣe wí yẹn náà là ń ṣe.

Ìgbà tó sú mi ni mo gbé kàlẹ́ńdà kalẹ̀. Ṣebí táàmù mẹ́ta la ní? Àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ó ń parí sínú ọyẹ́. Èkejì á bẹ̀rẹ̀ nínú ọyẹ́, á parí sínú ooru March. Ẹ̀kẹta, òjò ti dé. Ojú ọjọ́ ọ̀dọ̀ wa lókè níhìn-ín kì í bo ara ẹ̀, tó bá fẹ́ yí, gbogbo ara ló máa mọ̀. Òun ni mo fi so iṣẹ́ pọ̀.

Sínóò tó o ní kò sí yẹn, gbé ìgò òróró àgbọn kan sí ojú fèrèsé kíláàsì. Ní October, ó ń ṣàn bí omi. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ mú dáadáa, wàá bá a tó ti dì gbagidi, ó funfun bí ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa jáde ní bíréèkì, oòrùn á ti yọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kókó kan á ṣẹ́ kù tó rì sí ìsàlẹ̀ ìgò. Kó o ní kí wọ́n máa kọ ohun tí tẹmómítà bá sọ lójoojúmọ́, wọ́n á rí i fúnra wọn pé nǹkan bíi dígírì 24 ló ti ń yí padà, o ò ní sọ fún wọn. Ọmọkùnrin kan bi mí pé kí ló dé tí áísì fi ń léfòó nínú omi, tí òróró tó dì fi ń rì nínú òróró. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi tú ìyẹn. Mi ò rántí bóyá mo dárúkọ mátà.

Inú ọyẹ́ yẹn náà ni igi ti ń wọ́wé, ìyẹn ló máa dípò ewé Amẹ́ríkà tó ń pọ́n: omi inú ilẹ̀ ti ń tán, igi ò sì fẹ́ kí ewé máa gbé ìyókù fò lọ. Ibẹ̀ lo ti máa bọ́ sórí ètè tó ń là, òógùn, àti aṣọ tó ń gbẹ kíákíá. Lẹ́yìn náà àmù. Mohammed Bah Abba, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, tíṣà ní Jigawa, ló ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó da iyanrìn tútù sáàárín wọn, àwọn àgbẹ̀ ń fi tọ́jú tòmátì àti ìgbá, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000. Ṣe é pẹ̀lú wọn ní January, kẹ́ ẹ tún un ṣe ní July. Ti July ò ní tutù tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá sọ ìdí ẹ̀ fún ọ.

Ní March, sankarau, ìyẹn àrùn yírùnyírùn (meningitis), ni kó o fi wọ ọ̀rọ̀ ìlera. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa kankan ò ní sọ pé òun ò gbọ́ ọ rí. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ooru àti eruku ló ń jà, tí òjò bá dé tó sì rọlẹ̀? Kí ló dé tí wọ́n fi ní ká ṣí fèrèsé, ká má sùn pọ̀ jù nínú yàrá kan?

Adé Minna:
Bàbá, ẹ kú làákàyè sà, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Síkíìmù ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹtàlá ni ìnsípẹ́kítọ̀ máa ń gbé dání wá, tó bá bá ọ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ohun tó wà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló fẹ́ rí lójú bọ́ọ̀dù. Ilé-ìwé tí mo wà tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ, tópíìkì kan péré ni mo gbé síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kúérì ni mo gbà, wọ́n ní mo fẹ́ kó bá àwọn ọmọ ní BECE, ìdánwò àṣekágbá JSS. BECE tó jẹ́ JSS3! Torí náà àǹtí, kẹ́ ẹ tó fẹnu kàn án níwájú ọ̀gá, ẹ mú bírò pupa. Orí mẹ́rin náà ni wọ́n pín kàríkúlọ́ọ̀mù Basic Science sí: ìwọ àti àyíká ẹ, ohun abẹ̀mí àti aláìlẹ́mìí, sáyẹ́ǹsì àti ìdàgbàsókè, ìwọ àti agbára. Gbogbo ohun tí Bàbá sọ yẹn ló níbi tó ti lè wọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tópíìkì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí èyí tí kò nílé, ẹ máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, kò sí èèwọ̀. Oògùn olóró ò ní òróró àgbọn tó lè gbé e.

Ọmọ Terminus:
Jos ni wọ́n bí mi sí, Lugbe ni mo ń gbé báyìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ní JSS2 wa, tíṣà gbé sítóòfù kalẹ̀, ó ní ká wo tẹmómítà tí omi bá hó. Omi hó, tẹmómítà dúró sórí 96. Ó ní ó ti bàjẹ́. Ó mú òmíràn, 96. Ó ní ká kọ 100 sínú nóòtù. Gbogbo wa sì kọ 100. Yunifásítì ni mo dé kí n tó mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe tẹmómítà, Jos ló ga, bíi mítà 1,200 sókè òkun, atẹ́gùn tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ò pọ̀ tó ti Èkó, omi á tètè hó, híhó ẹ̀ ò sì ní gbóná tó, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná lọ́dọ̀ ìyá mi. Kubwa náà ò ní pé 100 o, á wà láàárín 98 sí 99. Tí àwọn ọmọ bá kọ ọ́, ẹ dákun ẹ má fagi lé e.

Ẹ má sì yọ ilẹ̀ tó ń mì kúrò. Ṣé ẹ ti gbàgbé bí ilẹ̀ ṣe mì ní Mpape, ní Abuja níbí, ni? September 2018.

Màmá Ìbejì Gwarinpa:
Háà! Mo rántí, a gbọ́ ọ dé ibí. Àwọn abọ́ mi ń kọrin lórí pákó, mo ní ta ló wà ní kíṣìnnì.

Tíṣà Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, mo kúnlẹ̀ sà. Mo ti jókòó sí i láti àná. Mpape nìkan ló yà mí lẹ́nu, torí òun gan-an ni mo kọ́kọ́ fagi lé nínú pépà Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ yìí kéré nígbà yẹn, torí náà iṣẹ́ ilé wọn ni pé kí wọ́n lọ bi òbí wọn ní ohun tí wọ́n gbọ́ àti ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà, ká wá fi sórí máàpù. Kò gba kádíbọ́ọ̀dù, Màmá Ìbejì.

Bírò pupa ti Adé náà ti jáde. Mi ò yí nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kankan ní táàmù àkọ́kọ́, àpẹẹrẹ nìkan ni mo yí, tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá dé, á bá ohun tó fẹ́ bá. Ti ìkejì ni mo fẹ́ fi gbìyànjú, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko lórí ọyẹ́. Ti ìkẹta ò tíì ṣe é kà, òjò àti ààrá ni mo kọ síbẹ̀, kí wọ́n máa ka ìṣẹ́jú-àáyá láàárín mànàmáná àti ìró ẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta ní kìlómítà kan.

Tẹmómítà méjì la ní, ọ̀kan ti fọ́ lẹ́nu. Mo ti ra òróró àgbọn ṣá.

Bàbá Tudun Wada:
Gbé ìgò ẹ̀ sókè o, ibi tí ọwọ́ wọn ò ti ní tó o. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ máa fi mú, àwọn ọmọ ti fi ìdajì ẹ̀ pa ẹsẹ̀.