Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àmọ́ gbèsè lébìrà wà lọ́rùn mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Lugbe ni mò ń gbé, níbí l'Abuja. Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, àwa kan nínú ìjọ wa lọ ṣe iṣẹ́ ìsìn ọjọ́ mẹ́rin láàárín àwọn alágbàṣe tó ń kórè ìrẹsì lẹ́yìn Gwagwalada, létí odò Usuma. Àwọn ọmọ Katsina àti Zamfara wà níbẹ̀, àwọn Tiv láti Benue náà wà níbẹ̀. Abẹ́ tapólì ni wọ́n ń sùn. A kó oúnjẹ, oògùn àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ, nọ́ọ̀sì méjì sì bá wa lọ. Èmi, wọ́n ní kí n máa fọ egbò ọwọ́.

Àtẹ́lẹwọ́ ọmọkùnrin kan ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí mo ṣe ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ náà, ògiri ibi tí wọ́n ń kó ìrẹsì sí ló tẹjú mọ́. Ó ti fi èédú fa ìlà sára ògiri yẹn. Mo kà á, mọ́kàndínlógún. Ìlà kan, ọjọ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ tí wọn ò tíì sanwó fún un. Kò mọ̀wé, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹnì kan má baà pa á rẹ́. Mo mú bírò, mo ní kó sọ orúkọ rẹ̀ kí n kọ ọ́ sókè. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já.

Torí pé ní 2022, nígbà tá à ń kọ́lé, lébìrà kan bá wa po sìmẹ́ǹtì, ó bá wa ru búlọ́ọ̀kù, odidi ọjọ́ mọ́kànlá. Owó ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, mo ní kó wá gbà á ní Mọ́ńdè. Nígbà tó dé ní Mọ́ńdè, mo ní kó padà wá ní Wẹ́sìdeè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá. Nígbà tó yá, kò wá mọ́, inú mi sì dùn pé kò wá mọ́. Owó wà lọ́wọ́ mi o. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. "Lébìrà" ni gbogbo wa ń pè é.

Pásítọ̀ wa ní kí n wá jẹ́rìí ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí n sọ bí ìrìn àjò yẹn ṣe gbé ẹ̀mí mi ga. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, látìgbà tá a ti dé, bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, ìlà èédú yẹn ni mò ń rí. Ọkọ mi ní kí n fi owó náà sínú ọrẹ àánú kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé kí n jẹ́rìí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí lébìrà yẹn?

Ìyá Ìjọ, Kubwa:
Ọmọ mi, Olúwa á tù ọ́ nínú. Má rò pé ẹ̀mí rẹ ti lọ sílẹ̀ o. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ sùn kì í rántí gbèsè lébìrà.

Ọkọ rẹ fẹ́ kí ara tù ọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jọ ṣí Númérì orí 5, ẹsẹ 7 àti 8. Ẹni tó jẹ̀bi máa dá ohun náà padà ní pípé, á fi ìdámárùn-ún lé e, ẹni tó ṣẹ̀ gan-an ló sì máa kó o fún. Ìgbà tí kò bá sí ìbátan kankan tó lè gbà á ló tó di ti àlùfáà. Ìwọ ò tíì wá a rárá, báwo ló ṣe máa di ọrẹ?

Fóómànù, Gwarinpa:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí, mà. Ọdún pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ilé. Bíríkìlà tó mọ ilé yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Òun ló mú un wá, àwọn bíríkìlà kì í sì í gbàgbé ọmọ tó mọ sìmẹ́ǹtì í pò. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ lọ sí oríta tí wọ́n ti máa ń mú lébìrà ládùúgbò yín kí aago méje àárọ̀ tó lù. Ẹ bèèrè ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn. Púpọ̀ nínú wọn jọ ń gbé yàrá kan ni, bẹ́ ẹ bá mú ọ̀kan, ẹ ti mú mẹ́wàá.

Ẹ má fi falẹ̀ o. Cin rani ni àwọn Hausa ń pe ìrìn àjò tí wọ́n ń bá wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn á padà sílé lọ gbin jéró àti ọkà bàbà.

Ní ti iye owó, ọjọ́ mẹ́ta lẹ jẹ ẹ́. Ẹ bi wọ́n ní iye tí lébìrà ń gbà lójúmọ́ báyìí, ẹ san mẹ́ta rẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá fi ìdámárùn-ún tí Màmá sọ lé e. Owó tó ra odidi àpò sìmẹ́ǹtì ní 2022 kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́.

Ọmọ Kaduna:
Kaduna ni wọ́n bí mi sí, Hausa ni mo fi ṣeré lọ́mọdé. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má rán fóómànù, ẹ má sì kàn fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Ẹ lọ fúnra yín. Bó bá jẹ́ Hausa ni, bẹ́ ẹ bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kí i ní "sannu da aiki" (ẹ kú iṣẹ́), kẹ́ ẹ tó sọ pé "ka yi hakuri" (jọ̀ọ́, má bínú). Kẹ́ ẹ wá bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹ má mú ìwé ìwàásù dání lọ́jọ́ yẹn. Gbèsè lẹ lọ san. Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí máa bá mi jà lórí èyí, àmọ́ mo ti rí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó fetí sí wa torí pé a kọ́kọ́ ṣòótọ́ pẹ̀lú wọn.

Lọ́yà, Wuse:
Ọmọ tó fi èédú fa ìlà ńkọ́? Ẹ má fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n sọ di ₦70,000 ní 2024, yọ iṣẹ́ oko tí wọ́n ń ṣe ní àsìkò kan lọ́dún sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olóko fi ń sọ iye tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá ti jọ fẹnu kò sí, gbèsè ni. Bébà tẹ́ ẹ kọ fún un wúlò gan-an. Kí àwọn àgbà ìjọ mú un lọ bá olóko náà jókòó. Bó bá kọ̀, Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Ìyá Ìjọ, Kubwa:
Lọ́yà ṣeun. Ní ti ẹ̀rí, sọ fún Pásítọ̀ pé kó fún ọ láyè. Mátíù 5 ní kí o fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí o kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ làjà. Ẹ̀rí náà lè dúró.

Ẹni tó béèrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n gbà. Àwọn àgbà méjì máa bá wa padà sí Gwagwalada lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí ọmọ yẹn.

Mo pe bíríkìlà wa lálẹ́ àná. Ó rántí rẹ̀. Ó ní Mpape ló wà báyìí, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Èmi àti ọkọ mi la jọ máa lọ ní Sátidé.