Mo tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ mọ́lẹ̀, ẹja wá ń bọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apẹja. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Odò Ọ̀wẹ̀nà ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ti máa ń fi ìwọ̀ pẹja. Ní Sátidé tó kọjá, bó ṣe fi ọ̀pá sẹ́yìn kó lè ju okùn sódò, ìwọ̀ kọ́ mi létí. Ẹ̀gún kékeré tó kọjú sẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣeé fà yọ. Nọ́ọ̀sì ló tì í jáde lódìkejì, tó gé ẹ̀gún náà, kó tó fà á padà. Ó tún gún mi lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ọmọ náà sunkún jù mí lọ. Tó bá jẹ́ ojú ńkọ́?

Mo ti ra awò ojú fún àwa méjèèjì, mo sì ní kó máa wo ẹ̀yìn kó tó ju okùn. Mo tún fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ wa mọ́lẹ̀. Ó ń yọ wẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja mẹ́rin ló ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ létí omi, ó sì ti ń sú ọmọ.

Ẹ̀yin tó ń lo ìwọ̀ tí kò lẹ́gùn-ún, báwo lẹ ṣe ń fa okùn tí ẹja kì í fi bọ́?